Ṣé ó yẹ kí a gba owó òrùlé lọ́wọ́ olóṣèlú tí ó fẹ́ ṣe alága ìkórè wa?

Akọ̀wé_Ìjọ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Èmi ni akọ̀wé ìjọ kékeré kan ní ìlú tí kò jìnnà sí Iléṣà. Owó kòkó ni àwọn bàbá wa fi kọ́ ilé ìjọsìn náà, ṣùgbọ́n lónìí a kò ju igba ènìyàn lọ, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òrùlé ti ń jò. Bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹgbẹ́ akọrin a kó ìwé orin wọn sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn ìyá àgbà a sì gbé agbada sábẹ́ ibi tí omi ti ń kán. Káfíńtà tí ó wá wò ó sọ pé igi òrùlé ti jẹrà, pé a kò lè máa lẹ páànù tuntun mọ́ igi tí ikán ti jẹ, ó sì ní iṣẹ́ náà yóò gba ₦6,400,000. Ohun tí ó wà nínú àpò ilé kíkọ́ wa jẹ́ ₦1,400,000 ó lé díẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ìlú wa kan tí ó fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rán ènìyàn sí wa pẹ̀lú lẹ́tà. Ó ní òun yóò fi ₦5,000,000 ta ìjọ lọ́rẹ bí a bá fi òun ṣe alága ìkórè ọdún yìí, tí a sì fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti bá ìjọ sọ̀rọ̀ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti jókòó lé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní Ọlọ́run ni ó rán an, pé iye tí ó kù fún wa gan-an ni ó dárúkọ. Àwọn mìíràn ní bí a bá gba owó náà, a ti ta àga ìwàásù. Pásítọ̀ wa, tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa, ní ohùn ìjọ ni òun fẹ́ gbọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ èsì, ó sì ti di ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti jókòó ti ìwé òfìfo. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Ìyá_Ìbejì_Aláṣọ
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọmọ ẹgbẹ́ Ìyá Rere ni mí láti ọdún 1991, mo sì ti rí ìkórè tí olóṣèlú ṣe alága rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìjọ kò tìtorí rẹ̀ wó. Ẹ gba owó náà. Ta ni ó ni owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn, bí kò ṣe àwa tí à ń san owó ọjà lójoojúmọ́ tí a kò sì rí ọ̀nà tó dára gbà dé oko? Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá padà wá bo orí wa, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kírúsì ọba Páṣíà kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, síbẹ̀ òun ni Ọlọ́run lò kí wọ́n lè tún tẹ́ḿpìlì kọ́. Nehemáyà pàápàá gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọba kí wọ́n lè gé igi fún un nínú igbó ọba, kò sì sọ pé igi náà kò mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́. Àwa tí a ó jókòó gbọ́ ọ kì í ṣe ọmọdé. A ó pàtẹ́wọ́ fún un, a ó sì lọ dìbò fún ẹni tí ó wù wá.

Olùkọ́_Ìwé_Mímọ́
Ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn Nehemáyà tí ẹ mú wá kò gbè yín tó bí ẹ ṣe rò. Nehemáyà ni ó lọ bá ọba, òun ni ó sọ ohun tí ó ń fẹ́, ọba kò sì ní kí wọ́n pe òun wá bá àwọn Júù sọ̀rọ̀ kí igi tó jáde kúrò nínú igbó. Èyí tí ó bá ọ̀ràn akọ̀wé mu jù lọ ni ti Ábúráhámù àti ọba Sódómù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 14. Ọba náà fi gbogbo ẹrù ogun lọ̀ ọ́, Ábúráhámù sì búra pé òun kò ní mú fọ́nrán òwú tàbí okùn bàtà níbẹ̀, kí ọba náà má baà wí lọ́jọ́ iwájú pé òun ni òun sọ Ábúráhámù di ọlọ́rọ̀. Ẹ kíyè sí i pé nínú orí kan náà ni Ábúráhámù ti gba àkàrà àti wáìnì lọ́wọ́ Melkisédékì, ọba sì ni Melkisédékì náà. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹ̀bùn ọba. Ó wo ọwọ́ tí ẹ̀bùn ti wá, ó sì ro ohun tí ọlọ́wọ́ náà yóò fi ẹnu rẹ̀ sọ lọ́la.

Akọ̀wé, bí ẹ bá tún pàdé, ẹ ka Jákọ́bù orí 2 sétí ìgbìmọ̀ yín, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ ọkùnrin olórùka wúrà tí wọ́n fi sí ibi dáradára, àti tálákà tí wọ́n ní kí ó dúró sọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ ìkórè yẹn, àga iwájú ni ẹni tí ó san mílíọ̀nù márùn-ún yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Níbo ni ìyá àgbà tí ó ti ń gbé agbada sábẹ́ omi láti ọdún mẹ́ta yóò jókòó?

Agbẹjọ́rò_Ìbàdàn
Ẹ jẹ́ kí n fi ojú òfin wò ó. Òfin Ìdìbò Nàìjíríà sọ pé a kò gbọdọ̀ lo ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún ìjọsìn fún ìpolongo ìbò, gẹ́gẹ́ bí a kò ti gbọdọ̀ lo àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba. Ó tún ní kí a má ṣe gbé ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje kan lárugẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ wò ó dáadáa: òfin náà kò sọ pé olóṣèlú kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sọ pé kò gbọdọ̀ fi owó sínú àpò ọrẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ó kan òfin. Ẹni tí ó ń wá ìbò kò ní fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ìtàn Dáfídì.

Nítorí náà nǹkan méjì ni ó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, okùn kan ni ó sì so wọ́n pọ̀. Ẹ gé okùn náà. Ẹ kọ ọ́ sínú èsì yín pé ìjọ ń gba ọrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe é láìsí àdéhùn, pé a ó kọ rìsíìtì fún un, pé a ó ka orúkọ rẹ̀ láàárín orúkọ àwọn tí ó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sílẹ̀, àti pé kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ìbò nínú ilé ìjọsìn. Bí ó bá ṣì san án, ọrẹ ni. Bí kò bá san án, ẹ ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ rà.

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ̀yin amòfin, ta ni wọ́n ti mú rí? Gbogbo ìjọ ní agbègbè wa ni ó ń gbà á, títí kan àwọn tí olórí wọn ń bú olóṣèlú lórí rédíò. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ìjọ tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà ni yóò fi owó náà kan òrùlé, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ́kù fún yín yóò sì lọ.

Bàbá_Aké
Mo rí i pé à ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ni ìjọ ní níwájú ìjọba, pé kí ó na ọwọ́ gba ẹ̀bùn tàbí kí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn tí ó ṣáájú wa ní ilẹ̀ yìí kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. James Johnson, àlùfáà ìjọ St. Paul's ní Breadfruit l'Ékòó, jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì bá àwọn tí ń kó ọtí líle wọ ìlú fà á títí. Kò lọ síbẹ̀ láti lọ tọrọ páànù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí Abẹ́òkúta tí mo ti dàgbà. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni ọ̀gá ilé-ìwé Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà láti 1931. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, kó àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé jọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti bí a ti ń tọ́jú ilé. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń jẹ bisikíìtì lọ́sàn-án ni wọn ì bá jẹ́ títí lónìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà tí ó fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, ẹnu àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì ti gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, wọn kì í sì í san owó tó tọ́. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní 1947 wọ́n kó ara wọn jọ síwájú ààfin nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n sì ń padà wá títí, nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò padà sórí oyè títí di ìparí 1950. Ẹ lè gbà pé ohun tí wọ́n ṣe dára tàbí pé kò dára. Láàárín àwa Ẹ̀gbá, àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán. Ohun tí mo fẹ́ kí akọ̀wé rí ni pé kò sí alága ìkórè kankan nínú ìtàn yìí. Àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyẹn gbé ọ̀rọ̀ ìlú lọ bá aláṣẹ. Lẹ́tà tí ó wà lọ́wọ́ yín, aláṣẹ lọ́la ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wá bá ìjọ.

Ìyá_Ìbejì_Aláṣọ
Bàbá, ìtàn yín dùn mí dé egungun, màmá mi àgbà wà lára àwọn tí ó jókòó síwájú ààfin yẹn. Ṣùgbọ́n òjò kò mọ ìtàn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n kọ owó náà, ẹnìkan nínú yín kò tíì sọ ibi tí mílíọ̀nù márùn-ún mìíràn yóò ti wá.

Ọmọ_Peckham
Ẹ kú àtijọ́ o. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀n, ìjọ wa forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àánú, àjọ tí ń bójú tó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì gbà kí á ṣe àtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje kankan. Wọn kò sọ pé kí á di ẹnu wa. A lè sọ̀rọ̀ lórí òfin àti lórí ìyà tí ń jẹ ènìyàn, bí ó bá ti bá ìdí tí a fi dá ìjọ sílẹ̀ mu.

Kí ìdìbò ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2024 tó wáyé, a pe gbogbo olùdíje àdúgbò wá sí gbọ̀ngàn ìjọ ní alẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Gbọ̀ngàn ni mo wí, kì í ṣe inú ilé ìjọsìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, arábìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì jókòó pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pé, a lù ú, ìbáà ṣe olórí ẹgbẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọ béèrè ìbéèrè. Owó ilé ni àwọn kan béèrè. Àwọn tí ń tọ́jú arúgbó sì béèrè nípa òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, tí kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ rẹ̀ wá mọ́. Kò sí èyí tí ó fún wa ní kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tí ó retí rẹ̀. Akọ̀wé, bí ọmọ ìlú yín bá ń fẹ́ kí ìjọ gbọ́ ohùn òun ní tòótọ́, ẹ pè é, kí ẹ pe àwọn tí ó ń bá a dupò pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ ọjọ́ ìkórè.

Àlàájì_Ìwó
Mùsùlùmí ni mí, ẹ dákun ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ìyàwó àbúrò mi ni ó fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ohun kan náà ni ó wà lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù ààwẹ̀, àpò ìrẹsì tí àwòrán ènìyàn wà lára rẹ̀ a máa wọ mọ́sáláṣí. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, ẹnì kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa nígbà tí ó ń wá ìbò, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ọpọ́n omi. Ìbò náà kò bọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ̀rọ tí ń fa omi bàjẹ́, ohun tí yóò sì gbà kò tó ₦90,000. Gbogbo wa wò ó níran fún ọdún kan ààbọ̀, nítorí orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà lára rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé kì í ṣe tiwa láti tún ṣe. Ọjọ́ tí a kun ọ̀dà bo orúkọ náà ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò dá owó jọ.

Akápò_Tẹ́lẹ̀rí
Mo ti ṣe akápò ìjọ fún ọdún méjìlá, n ó sì sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè Ìyá Ìbejì ni ìbéèrè gidi, èsì rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìṣirò owó. Akọ̀wé, nígbà wo ni ẹ kẹ́yìn ka ìṣirò owó ilé kíkọ́ sétí ìjọ, láti orí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ títí dé èyí tí ó kẹ́yìn?

Mo ń béèrè nítorí pé mo rántí bí a ti pariwo nígbà tí òfin tuntun lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Abala 839 rẹ̀ fún CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní agbára láti dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ dúró, kí wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ń ná owó ní ìnákúnàá. CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, kọ̀ ọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Oyèdépò kọ̀ ọ́ lórí pẹpẹ, èmi náà sì kọ̀ ọ́, nítorí n kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa yan alábòójútó fún ìjọ. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìlànà àjọ tí ń rí sí ìṣirò owó ti mú kí Pásítọ̀ Adébóyè fi ipò olórí ìjọ Ìràpadà ní Nàìjíríà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, tí òun sì ń bá ipò olórí gbogbo ìjọ náà lágbàáyé lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ààrẹ yọ ọ̀gá àjọ náà nípò, tí wọ́n sì dá ìlànà náà dúró. A yọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí ìjọ mi tí mo ṣí ìwé akápò, mo rí i pé ohun tí a kò fẹ́ kí ìjọba béèrè lọ́wọ́ wa, a kò fi han àwọn ọmọ ìjọ náà. Ẹni tí kò mọ ibi tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ti ọdún tó kọjá wọlé sí kì í mú ẹgbẹ̀rún mìíràn wá. Òun ni ó ń mú kí á máa wojú olóṣèlú.

Akọ̀wé_Ìjọ
Ìbéèrè yín gún mi, bàbá akápò. Mo lọ ṣí àpótí ìwé lánàá. Ìgbà tí a kẹ́yìn ka ìṣirò owó ilé kíkọ́ sétí gbogbo ìjọ jẹ́ ọdún 2019. Lẹ́yìn èyí ni àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà dé, a dá ìpàdé gbogbogbòò dúró, a kò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo tún rí i pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ yá ₦800,000 nínú owó òrùlé láti fi tún ilé pásítọ̀ ṣe nígbà tí a fẹ́ gba pásítọ̀ tuntun, a kò sì tíì dá a padà. Kò sí ẹni tí ó jí i. Mo fọwọ́ sí ìwé náà fúnra mi. Ṣùgbọ́n ìjọ kò mọ̀.

Pásítọ̀_Ìgbèríko
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, akọ̀wé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń dúró lórí àga ìwàásù, nítorí àwa ni a sábà máa ń bú nínú ọ̀ràn yìí, a sì jẹ̀bi lọ́nà púpọ̀.

Àpòòwé máa ń dé yàrá tí àlùfáà ti ń múra kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù wa kéré, àwọn mìíràn nínú wa kì í rí i gbà déédéé, olóṣèlú sì mọ̀. Kò ní sọ pé kí o polongo òun. Yóò kàn ní kí o gbàdúrà fún òun níwájú ìjọ, kí o gbé ọwọ́ lé òun lórí. Pọ́ọ̀lù ní kí á máa gbàdúrà fún àwọn tí ó wà nípò àṣẹ, nínú Tímótì Kìíní orí 2, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọwọ́ lé ọ̀kan lórí lọ́jọ́ ìkórè tí àwòrán rẹ̀ sì jáde lórí Facebook kí á tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ìpolongo ni mo ṣe, ìbáà jẹ́ èdè àdúrà ni mo fi ṣe é.

Ní ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀, mo fún ẹnì kan ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ní kí ó lò, ó lo mẹ́tàdínlógún, ó sì bú alátakò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n alátakò náà jẹ́ díákónì wa. Ìdílé méjì ni ó kúrò nínú ìjọ náà, ọ̀kan kò padà títí di ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀. Ènìyàn tí mo fún ní ẹ̀rọ wọlé ìbò, n kò sì tún fojú kàn án ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ọdún mẹ́rin fi pé. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń ṣe kò le: bí olóṣèlú bá wá, a kí i gẹ́gẹ́ bí àlejò, pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó bá wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, wọn a dìde, ìjọ a pàtẹ́wọ́, wọn a jókòó. A gbàdúrà fún gbogbo àwọn tí ń dupò lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í dárúkọ. Àwọn alàgbà kan bínú sí mi, wọ́n ní mo ń dí ọ̀nà ìbùkún. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo ni mo fi dá wọn lóhùn, ẹ̀rín ni wọ́n rín, ṣùgbọ́n wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Ọ̀dọ́_Ìlú
Mo bọ̀wọ̀ fún yín, bàbá, àmọ́ mo ń bẹ̀rù pé ìwà mímọ́ irú èyí ni ó sọ wá di ẹni tí kò wúlò fún ìlú. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba àwọn ilé-ìwé tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀, ẹ wo ohun tí púpọ̀ nínú wọn dà lónìí. Bí àwa kò bá mú ẹnikẹ́ni dání tí a lè pè ní tiwa, ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òfin? Ìjọ Ìràpadà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìṣèlú ní 2022, pásítọ̀ wọn kan sì ti ṣe igbákejì ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ ìjọ wa kan náà tí ń sunkún nínú àdúrà fún Nàìjíríà ni ó ń tò sórí ìlà láti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, èyí tí àwọn ará Èkìtì sọ di "dìbò kí o sebẹ̀" ní 2018. Ṣé àga ìwàásù kò ní ohun tí yóò sọ sí ìyẹn?

Agbẹjọ́rò_Ìbàdàn
Ọ̀dọ́, ó ní. Kò sí òfin tí ó ní kí pásítọ̀ má ṣe wàásù pé títa ìbò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tàbí kí ìjọ má ṣe kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ti gba káàdì ìdìbò. Ohun tí òfin kọ̀ ni dídárúkọ ẹni tí a ó dìbò fún tàbí ẹni tí a ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè bí pásítọ̀ yóò ti wàásù lòdì sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tí opó kan gbà, nígbà tí páànù tí ó wà lókè orí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún.

Akọ̀wé_Ìjọ
Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ó yẹ kí n jábọ̀. Mo gbé ohun tí ẹ sọ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n gbà pé kí á kọ́kọ́ ka ìṣirò owó kí á tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo dúró níwájú, mo kà á láti 2019, títí kan ₦800,000 náà. Ariwo sọ. Alàgbà kan ní ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ fi ipò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òun náà wà nínú ìgbìmọ̀ nígbà tí a yá owó náà. Pásítọ̀ dìde, ó ní kí wọ́n máa yọ ìdá kan nínú owó oṣù òun títí gbèsè ilé tí òun ń gbé yóò fi tán; ìjọ kò gbà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú kí ara gbogbo ènìyàn rọlẹ̀. Kí á tó tú ká, àwọn ènìyàn ti ṣèlérí ₦2,150,000, èyí tí àwọn ọmọ wa l'Ékòó ṣèlérí nínú WhatsApp sì tó ₦700,000. Èyí tí ó ti wọlé ní tòótọ́ jẹ́ ₦1,080,000. Mo ti lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Káfíńtà ní a lè fi ohun tí ó wà nílẹ̀ ṣe apá pẹpẹ àti apá akọrin lákọ̀ọ́kọ́, kí apá kejì dúró di ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀. Agbada yóò ṣì wà lẹ́yìn fún ọdún kan. Agbẹ̀bí kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó gbẹ̀bí ìdajì ìlú wa, ni yóò ṣe alága ìkórè.

Ní ti lẹ́tà náà, mo kọ ọ́ bí agbẹjọ́rò ti wí, mo sì fi kún un pé ìgbìmọ̀ yóò pe òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń dupò sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, kí ìlú lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tí ó gba lẹ́tà náà fún un ní òun yóò pè wá. Kò tíì pè. Alátakò rẹ̀ ti pè, ó ń béèrè bóyá òun lè mú àwọn onílù wá.

Ìyá_Ìbejì_Aláṣọ
Ẹ má ṣe gbà kí ó mú onílù wá o. Mo ṣì gbà pé ẹ fi owó tí ó tó yín lọ́wọ́ sílẹ̀, bí òjò bá sì bá àwọn ìyá àgbà yẹn ní apá ẹ̀yìn lọ́dún tí ń bọ̀, n ó rán yín létí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ka ìwé sétí ìjọ, ẹ fi nọ́ńbà akáǹtì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ìdì páànù méjì ni tèmi, apá ẹ̀yìn ni kí ẹ sì fi í sí. Ẹ kọ rìsíìtì fún mi.